Àdúrà Gígùn Lórí Ẹja Tí A Fẹ́ Dá Padà Sómi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gbéra ní Durumi, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Tèmi, ọmọbìnrin mi, ti mú kí n ṣèlérí pé ẹja tí mo bá mú ò ní kú. Ẹja tó ń sìn nínú abọ́ gíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ó sì sunkún títí ara rẹ̀ fi gbóná.

Mo fi mọ́tò gbé Díkínì ìjọ wa ní Jahi. Òun ló fi eré tuntun yìí hàn mí: a ó fi ìwọ̀ mú ẹja, a ó wò ó, a ó dá a padà sómi láàyè. Lọ́dọ̀ wa l'Ékìtì, wọ́n á bi ọ́ pé ọbẹ̀ ńkọ́.

Ọ̀nà Kubwa lọ geere, àmọ́ lẹ́yìn Bwari, kòtò ló kù. A ra kósáì, àkàrà àwọn Haúsá, tí wọ́n ń fi yájì, ìyẹn ata gígún, jẹ.

A dé etí omi. Nínú ọkọ̀ ojú omi Dánjúmà, atukọ̀ wa, ni ìwọ̀ mi ti gbé gíwáǹ rúwá, ẹja ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "erin omi" lédè Haúsá. Ó gùn tó apá mi. Mo fẹ́ dá a padà kíá, Díkínì ní ó tì.

"Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ dijú."

Ó dúpẹ́, ó bọ́ sórí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ó kan àwọn ọmọ wa. Èmi gbé ẹja dání, mo ń ṣe àmín.

"Kai! Ọ̀gá, e go die o!" Dánjúmà pariwo.

Mo yáa gbé e sómi. Ikùn rẹ̀ yí sókè. Mo di ìrù rẹ̀ mú, mo ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ kí omi lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó pẹ́ kí ìrù náà tó mì, ẹja náà sì lúwẹ̀ẹ́ wọ ìsàlẹ̀ omi lọ.

"Ẹ ò rí i? Ó ti yè," Díkínì wí.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé òmíràn á lúwẹ̀ẹ́ lọ tán, á wá kú nísàlẹ̀?" mo bi í.

Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé kí ẹja kọ́kọ́ wọmi ná, Ọlọ́run ò ní bínú bí ọpẹ́ bá pẹ́ díẹ̀.

Tèmi ti dúró lẹ́nu géètì nígbà tí mo délé.

"Daddy, ṣé ó yè?"

"Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ."

"I heard. Ṣé ó yè?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ó wò mí títí. "But ẹ ṣèlérí," ló wí, ó sì wọlé lọ.