Ìwúkàrà, Káńfọ̀ àti Ọmọkùnrin Ilé Wa

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rù tó tóbi jù láyé mi jẹ́ pé kí ìwúkàrà má hù. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí oko kòkó ti yí wa ká, tí àwọn ará abúlé ń ta ọsàn àti ìńdómì fún wa lẹ́nu géètì. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún mi ni kí n máa tọ́jú ìwúkàrà, ohun kan náà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Èmi ló ń se oúnjẹ fún un, èmi ló ń jẹ́ kí ibùsùn rẹ̀ móoru, bí iná mànàmáná bá sì ti lọ báyìí, àyà mi á já. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ mí ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Mo ń jẹ́ orúkọ náà tayọ̀tayọ̀, torí mo rò pé kò sí ọmọ tó tún lè gba ìtọ́jú ju tèmi lọ.

Oríṣi ìwúkàrà méjì ni mo ní. Ọ̀kan pé pérépéré bí Ọlọ́run ṣe dá a. Èkejì, wọ́n ti yí pùròtéènì kan padà nínú rẹ̀. Àwọn pùròtéènì ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí à ń wò yìí, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí kẹ́míkà kan bá fẹ́ jó sẹ́ẹ̀lì nínú, òun ló máa ń ṣètò omi tí wọ́n á fi pa iná náà. Mo gbin méjèèjì sínú àwo, mo retí kí èyí tó ní àbùkù kú. Kò kú o! Ó hù dáadáa, ó dọ́gba pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi, olùkọ́ tó ń mójú tó iṣẹ́ mi, mo ní, "Sà, àyípadà yìí ò ṣe nǹkan kan o."

Ọ̀gá wò mí lórí awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìyà ti jẹ wọ́n ni?"

Ló bá ní kí n kán oògùn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò, èyí tó máa ń hó ṣùùṣùù, sínú oúnjẹ wọn díẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe. Nígbà tí mo fi máa ṣí àwo láàárọ̀, ìwúkàrà tó pé ti hù jọ̀wọ̀lọ̀, ìkejì rẹ̀ ò sì hù rárá. Ibi tó yẹ kó wà mọ́ lóló bí ẹni pé n kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Mo pariwo "Yéè!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, torí iṣẹ́ mi ti yọrí nìyẹn. Ọ̀gá wá ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ àwa èèyàn náà ní irú pùròtéènì yìí, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nílẹ̀ wa tí tiwọn ní àbùkù, àwọn ọkùnrin ló sì máa ń dà láàmú jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń gbà á, tí ohunkóhun ò sì ní ṣe ìyá fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n lè máa jẹ, kí wọ́n máa mu, kí ara wọn le koko, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ko kẹ́míkà tí ara wọn ò gbà. Ó dárúkọ àwọn oògùn ibà kan, ó sì dárúkọ káńfọ̀. Mo fetí sí i torí ìdánwò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Òṣogbo, ó bí ọkùnrin. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Màmá wa palẹ̀ mọ́ kúrò ní Iléṣà, ó lọ bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, èmi náà wọkọ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní Old Garage lọ́sàn-án gangan. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń wa mọ́tò níbẹ̀, ló wá gbé mi. Ọkùnrin tó máa ń dá àpárá bí ẹní mumi ni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò dá ẹyọ kan. Ó wá ní, "Àbúrò, ọmọ yẹn ń sùn jù."

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ni ọmọ tuntun fẹ́ ṣe bí kò bá sùn?"

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá, òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tí àwọn ìyá wa ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Màmá jókòó sórí ibùsùn, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀lù funfun kan wé e láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀lù náà. Ìyá màmá mi ló rà á, ìsàlẹ̀ àpótí ló máa ń wà, kì í jáde àfi bí a bá bímọ. Mo gbé ọmọ. Mo ṣí ojú rẹ̀ wò, funfun ojú náà ti di àwọ̀ ìyeyè. Ìtọ̀ tó wà nínú ìlédìí rẹ̀ dúdú bíi kóòkì. Mo fi ìka kàn án lẹ́nu, kò wá a láti mu ún. Láyé mi, n kò rí ọmọ tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Ìgbà wo ni ojú rẹ̀ ti pọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀yìn ìgbà tí Màmá dé ni. A ń gbé e sóòrùn láàárọ̀, a sì ń fún un ní omi gúlúkóòsì."

Màmá ní, "Òtútù ló ń mú un. Mo ti wé e dáadáa, mo tún fi òróró pa á lára kí ara rẹ̀ lè móoru."

Mo gbé ṣọ́ọ̀lù náà símú, káńfọ̀ inú àpótí ló ń rùn lára rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń rẹ̀ sí i ni wọ́n ń wé ṣọ́ọ̀lù náà mọ́ ọn sí i. Àwo ìwúkàrà mi ló yọ sí mi lójú, ẹ̀gbẹ́ kan hù, ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ lóló. Síbẹ̀ n kì í ṣe dókítà. Bí mo bá ṣìnà ńkọ́? Bí mo bá da ìkómọ rú lórí ohun tí mo rí lára ìwúkàrà?

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ aṣọ yìí sọ síta, ká gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí."

"Kí ni aṣọ ṣe fún ọ?"

"Káńfọ̀ inú rẹ̀ ni. Ó lè máa ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́."

Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ohun tí àgbà rí níjòókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. A ò tíì kó ọmọ jáde, o ní ká gbé e sínú òórùn ilé ìwòsàn. Aṣọ yìí kan náà ni mo fi gbé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé ẹ kú ni?"

Ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ lójú ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwa obìnrin ò kú. Àmọ́ kí wọ́n tó bí mi, Màmá ti bí ọkùnrin méjì, àwọn méjèèjì ò sì pẹ́ láyé. A kì í sọ ọ́ nílé wa. Mo kàn mọ̀ ọ́n bí ọmọdé ṣe ń mọ ohun tí wọ́n ń rọra sọ létí ara wọn ni.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Màmá, ó ń wò mí. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Màmá, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Mọ́tò wà níta." Ó dìde, ó gba ọmọ, ó tú ṣọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi wé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó ṣe ohun tí Màmá ò fẹ́ lójú Màmá. Màmá náà wọ mọ́tò, ó tẹ̀ lé wa.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù. Dókítà ní ohun tó ń pọ́n ojú rẹ̀ lè wọ ọpọlọ, àfi kí àwọn máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, kí àwọn máa fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n mú bàbá ọmọ lọ wo ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ bóyá yóò bá a mu. Mo sọ ọ̀rọ̀ káńfọ̀ fún dókítà. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Màmá.

"Màmá, ẹ ti bí ọkùnrin rí?"

"Mo bí méjì."

"Wọ́n dà?"

"Wọn ò dúró."

"Ṣé ojú wọn pọ́n báyìí?"

Màmá fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn ara rẹ̀, ó jókòó. Dókítà náà ò tún béèrè mọ́, ó wọlé lọ bá ọmọ.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. A ò gbọ́ ẹkún ọmọ, ìyẹn ló ń pa wá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ọmú rẹ̀ ti fi omi rin bùláòsì rẹ̀. Mo gbàdúrà, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ ju "Jésù, jọ̀ọ́" lọ. Màmá sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

"Ìgbà tí èyí kejì lọ, wọ́n ní kí n má sunkún. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ò fẹ́ dúró lọ́dọ̀ mi ni, pé bí mo bá sunkún, wọ́n á tún padà wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N ò sunkún. Ìwọ lo kàwé. Ṣé èmi ni mo fi aṣọ pa wọ́n?"

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Màámi, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun ni, ta ló sọ fún yín? Òtútù lẹ̀ ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Nígbà náà, wọn ò kọ̀ mí."

Ló bá fi igbe ta. Ẹkún tí wọ́n ní kó má sun láti ìgbà yẹn wá ló sun lórí bẹ́ǹṣì yẹn, níṣojú gbogbo ènìyàn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú dé. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá láti ní kó dákẹ́, ó wò ó, ó padà wọlé.

Ìkómọ ò wáyé lọ́jọ́ tí a fẹ́. Ilé ìwòsàn la ti pe orúkọ ọmọ náà, lábẹ́ iná búlúù, lẹ́yìn tó ti ké tí ó sì ti mu ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé pùròtéènì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹn ní àbùkù. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, olórí kunkun ni, àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ lò ló máa ń kà fún àlejò bí ẹni ń ka Sáàmù. Èmi náà ti di olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sáré wá sọ fún mi pé àyípadà kan ò ṣe nǹkan kan fún ìwúkàrà wọn. Mi ò kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo mú Màmá lọ yẹ ojú wò ní Iléṣà. Ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ sílẹ̀ béèrè iye ọmọ tí ó bí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ nílé wa, n ò sì fẹ́ kó bí i nínú, ni mo bá ya ẹnu láti bá a dáhùn pé méjì.

"Mẹ́rin," ni Màmá wí.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ṣé gbogbo wọn wà, Màmá?"

"Obìnrin méjì wà. Àwọn ọkùnrin méjì ṣàìsàn," ni Màmá wí, ó sì pe orúkọ wọn. Èmi ọmọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.