Bàbá Tó Ń Wọn Tírélà Ní Àpápá

Bàbá tó ń wọn tírélà ní ilé iṣẹ́ wa ní Àpápá kò purọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ ní tààrà, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ níwájú ọ̀gá wa kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ó ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ ó ṣì ń dùn mí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo débẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ni, mo mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ìgbéraga mi sì ju ìmọ̀ mi lọ. Ilé iṣẹ́ náà ní ọgbà ńlá kan lọ́nà Tin Can, níbi tí wọ́n ń kó àlìkámà àti ṣúgà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já wọn kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́nu géètì ni òṣùwọ̀n ọkọ̀ wà, irin pẹrẹsẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó gba odindi tírélà. Tírélà á gorí rẹ̀ lófìfo tó bá ń wọlé, á tún gorí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó bá ń jáde. Inú yàrá onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Bàbá máa ń jókòó sí.

Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá láràárọ̀. Kó tó wo òṣùwọ̀n rárá, táyà tírélà ló máa kọ́kọ́ wò. Á ní, "Èyí ò lè dín ní tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n." Nígbà tí nọ́ḿbà bá wá yọ lójú gíláàsì tó wà lára ògiri, kì í jìnnà sí ohun tó wí. Àwọn awakọ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Ó mú mi bí ọmọ. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ bá a lọ́sàn-án, á ti fi búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn pamọ́ dè mí. Á ní, "Ọmọ mi, jókòó kí o jẹun. Kọ̀ǹpútà ò ní sá lọ."

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni pé kí n so òṣùwọ̀n náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Tẹ́lẹ̀, Bàbá á wo nọ́ḿbà lára ògiri, á fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé, á sì fún awakọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ kan. Mo fa wáyà láti ara òṣùwọ̀n wọ inú kọ̀ǹpútà, mo sì kọ ètò kékeré kan tí á máa gba nọ́ḿbà náà wọlé, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Dírafà ni àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń pe ẹni tó ń wa ọkọ̀. Òun ló dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun èlò tí wọ́n so mọ́ ọn. Ohun tí ohun èlò bá sọ fún un ló ń gbé lọ sínú, kọ̀ǹpútà ò sì ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ọdún kan. Bàbá ò bínú sí i. Ó kàn ní òun á ṣì máa wo táyà òun.

Lọ́jọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó sì jó káàdì tí wáyà òṣùwọ̀n wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mo lọ ra òmíràn lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìkẹjà. Ó jọ ti àtijọ́ lójú mi. Ṣíìpù dúdú pẹlẹbẹ kan, èyí tó jẹ́ ọpọlọ káàdì náà, wà láàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ wínníwínní tò sí i lára bíi ti ọ̀kùn. Mo fi sí ipò, nọ́ḿbà wọlé, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo gòkè lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Bàbá gòkè wá sí ọ́fíìsì mi, ohun tí kì í sábà ṣe. Ó mú ìwé òṣùwọ̀n kan lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, nǹkan kan ń ṣe ẹ̀rọ yìí o. Ohun tó wà lára ògiri kọ́ ló tẹ̀ sórí ìwé."

"Ṣé ẹ ò ṣì í wò, sà?"

"Méjìdínlógójì ni mo rí lára ògiri. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló tẹ̀ síbí. Táyà ọkọ̀ yẹn ò sì jọ ti mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

Mo tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀. A ní kí tírélà kan gorí òṣùwọ̀n, mo sì gba nọ́ḿbà rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ wò ó, sà. Kò sí nǹkan tó ṣe é." Ó wo ìwé náà pẹ́, ó ní, "Kò ṣe é nísinsìnyí." Mo gbà lọ́kàn mi pé ojú àgbà ló ti ń ṣú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀. Oníbàárà wa kan tún àwọn tírélà wọ̀n nínú ọgbà tirẹ̀, ó sì rí i pé ẹrù tó wà lórí òmíràn fi tọ́ọ̀nù márùn-ún ju ohun tí ìwé wa sọ lọ. Àwọn ọ̀gá ní ẹnì kan ń bá awakọ̀ di ẹrù lé ẹrù láti tà á lójú ọ̀nà. Mo ti fàyè sílẹ̀ nínú ètò náà pé ẹni tó wà nídìí òṣùwọ̀n lè fọwọ́ tẹ nọ́ḿbà wọlé tí wáyà bá já. Nítorí náà, Bàbá ni gbogbo ojú yí sí.

Ọ̀gá àgbà pe àwa méjèèjì. Bàbá dúró nítòsí ilẹ̀kùn, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó ti sọ fún mi, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kọjú sí mi.

"Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí. Ǹjẹ́ ó lè ka nọ́ḿbà sí òdì?"

Mo lè dáhùn pé mi ò mọ̀, nítorí mi ò mọ̀ lóòótọ́. Mo lè ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi kọ ètò náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọwọ́ mi ò dá ṣáṣá.

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ń lò ó ló ń ṣe é."

Bàbá wò mí, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí.

Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní àgọ́ wọn. Nígbà tí wọn ò rí ẹ̀rí kankan, wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìdádúró níṣẹ́ ti ń dúró dè é. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ìyàwó rẹ̀ tó wá gbé e. Mo rí obìnrin náà láti ojú fèrèsé bó ṣe ń tì í lọ. Mi ò sọ̀kalẹ̀.

Obìnrin kan tó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lókè ni wọ́n fi rọ́pò Bàbá. Kò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀ tó fi wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máà bínú o. Nọ́ḿbà ara ògiri àti tinú ìwé ò dọ́gba nígbà mìíràn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe é. Ìgbà tí tírélà bá ń tẹ̀ léra wọn ló ń ṣe é."

Mo lọ jókòó tì í. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọ̀wọ́ tírélà kan fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò tíì tẹ ìwé ti àkọ́kọ́ tán nígbà tí èkejì gorí òṣùwọ̀n. Mẹ́rìndínlógójì ló wà lára ògiri. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ìgbà náà ni mo wá ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí n ti ṣe. Mo ní kí dírafà máa kọ gbogbo nọ́ḿbà tí ṣíìpù bá fún un sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo sì kà wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Ṣíìpù kan náà ló ń gbọ́ ti òṣùwọ̀n, òun náà ló tún ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Tí nọ́ḿbà kan bá dé, ó yẹ kó gbé e kalẹ̀ ná, kó tó pe dírafà pé kó wá mú un. Ṣùgbọ́n tí ìtẹ̀wé bá ń lọ lọ́wọ́, ṣíìpù yìí á pe dírafà kí nọ́ḿbà tuntun tó balẹ̀. Dírafà á dé, á bá èyí àtijọ́ níbẹ̀, á tún mú un lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tó ti yẹ kó gba mẹ́ta àti mẹ́jọ, á gba mẹ́ta àti mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò níwájú Bàbá, kò sí ìwé kankan tó ń tẹ̀.

Mo yọ káàdì inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi lókè, tí ṣíìpù rẹ̀ yàtọ̀, sí i fún ìgbà díẹ̀, àṣìṣe náà ò wáyé mọ́. Mo tún ra méjì lọ́wọ́ oníṣòwò Ìkẹjà, ṣíìpù kan náà ló wà lára wọn, ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Láti ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ ló ti ní àbùkù, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ tún ṣe lára rẹ̀. Dírafà ló gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀ kó sì máa ṣọ́ra fún un. Ìbéèrè kan wà tí irú ṣíìpù yìí kì í dáhùn bíi ti àwọn tó pé. Èyí ni mo fi kọ́ dírafà láti dá a mọ̀ ní kété tí kọ̀ǹpútà bá jí. Tó bá ti dá a mọ̀, kò ní tẹ ìwé nígbà tí ìwọ̀n bá ń wọlé, kò ní mú nọ́ḿbà ní ìpè àkọ́kọ́, kò sì ní gba ìwọ̀n kankan gbọ́ àfi tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta tó sì bá ara mu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, a fi nọ́ḿbà ara ògiri wé tinú ìwé, a ò rí àṣìṣe kan.

Inú mi ò dùn.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ajégúnlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé náà ní, "Na Baba you dey find? E dey inside, but e no well o." Mo bá Bàbá lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé pé oṣù kan lẹ́yìn tó dé láti àgọ́ ọlọ́pàá ni apá àti ẹsẹ̀ kan rọ. Ó tún ní ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Bàbá ti jẹ́ akọ̀wé láti ọdún pípẹ́, wọ́n ní kó sinmi ná títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ síbẹ̀ mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ilẹ̀ níbẹ̀. Bàbá gbọ́ mi tán. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń falẹ̀.

"Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Ṣíìpù yẹn ò ṣeé tún ṣe, sà. Dírafà ni mo tún kọ. Ó máa ń bi í lẹ́ẹ̀mẹta báyìí kó tó gbà á gbọ́."

"Ẹ̀rọ tó ń purọ́, o bi í lẹ́ẹ̀mẹta," ó wí. "Èmi, o ò padà wá bi mí lẹ́ẹ̀kan."

Mo sunkún. Ìyàwó rẹ̀ ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Bàbá ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ mọ́, òun ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. "Ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé," ó ní. "Kí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ní Mọ́ńdè, mo lọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá, mo sì sọ ìwé tí Bàbá ń fẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ti dára báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó tán nìyẹn. Tí a bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, a ti gbà pé a jẹ̀bi. Má kọ nǹkan kan, tí o bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ."

Mo fẹ́ iṣẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo jókòó, mo kọ ìwé náà lórúkọ ara mi, mo sì mú un lọ bá pásítọ̀ wọn. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin ín."

Wọ́n ka ìwé náà ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn kan ń mi orí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó nínú aṣọ dúdú níwájú, kò wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìsìn, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ pásítọ̀, ó sì wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbà wo lo kọ ọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni, mà."

Ó mi orí, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì. Kò bú mi. Ó ní òun ń lọ sí Marine Beach lọ ra ẹja tí òun máa yan tà, kí àwọn apẹja tó tà tán. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, kì í ṣòwò lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A jọ rìn dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò, ó wọlé, ọkọ̀ sì gbéra.