Ìkòkò Ìyá, Ìkòkò Ìyàwó

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ bọ̀ láti apá Navy Town. Ẹrẹ̀ ti gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko, débi pé pákó ni mo tẹ́ sílẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ìlọta kì í fẹ́ òtútù. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro mí kó tó dáhùn. Sátidé ni, ọjọ́ tí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ máa ń wá lọ ata gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò kàwé kọjá ìwé kẹta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo tẹ̀ lé wá láti Ìlaròó, ló kọ́ mi níṣẹ́ ata lílọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń fa okùn ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Da omi sí i ná, jẹ́ kó ṣan inú ẹ̀, kó o da omi yẹn nù. Ata àná wà níbẹ̀ tó ò rí. Ìwọ̀nba ṣíbí kan nínú ẹ̀ ti tó láti ba abọ́ ata tuntun jẹ́." Bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ tí mò ń sọ yìí, Bùnmi ló kọ́kọ́ dé. Ìyàwó tuntun ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ìbà Estate, ó sì ń bá ọ̀gá kan ta rédíò ní Àlàbá. Ó máa ń jáde kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé. Ọ̀gá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ọrùn ló fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ bíi ẹ̀gbà. Lọ́jọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Ìyàwó, ṣé ata lo fi bọ́jú ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ ló tún kan, mà."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń bá wọn gbé. "Wọ́n ní obìnrin tí kì í gbélé ò lè ní ọbẹ̀ nílé. Ọkọ mi náà ti ń mi orí. Ó ní tí tọ̀sẹ̀ yìí bá tún kan, kí n lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọ̀gá mi, kí n wá jókòó sílé."

Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fún ojú ẹ̀rọ pọ̀ kí ata lè kúnná, mi ò sì da omi púpọ̀ sí i. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sáré iṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: omi tí wọ́n bá fi lọ ata yín, kẹrosíìnì yín lẹ máa fi gbẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́ ni mò ń bi í léèrè.

"Ṣé ò ń se ata gbẹ kó o tó da òróró sí i?"

"Títí omi á fi tán, mà."

"Ṣé o kì í dé e tó bá ṣì gbóná?"

"Rárá o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní oòru á kán padà sínú ẹ̀."

"Tó o bá gbé e kaná lálẹ́ ńkọ́, ò ń fi ṣíbí rò ó?"

"Tó bá ti hó, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ mi kì í kàn án mọ́ dàárọ̀."

Fíríjì wọn kàn dúró bíi kọ́bọ́ọ̀dù ni, iná kì í wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe. Mo pa ẹ̀rọ.

"Ta ló ń bu oúnjẹ lọ́sàn-án?"

"Màmá ni. Wọn ò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò rárá. Tí ọbẹ̀ bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, wọ́n á…" Ó wò mí.

"Wọ́n á dà á padà sínú ìkòkò," mo bá a parí ẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Mo máa sọ fún wọn lónìí yìí!"

"Kó o sọ kí ni? Kó o sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé àwọn ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́? Kọ́kọ́rọ́ nìkan kọ́ lo máa dá padà nígbà yẹn, wàá dá ọkọ náà padà."

Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó lọ ra ìkòkò kéékèèké, kó pín ọbẹ̀ sí wọn ní gbígbóná. Kó kúnlẹ̀ gbé ìkòkò kan fún ìyá, kó ní tiwọn nìyẹn, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn yòókù, kó máa gbé wọn kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ti ṣíbí bọ ọ̀kankan nínú wọn àfi ọjọ́ tó bá kàn án.

"Ti Màmá wá ńkọ́?"

"Ìkòkò wọn á sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, èrò wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá arúgbó kan tó wé gèlè dáadáa gba orí pákó wọlé, ó gbé abọ́ ata dání.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Ẹlẹ́rọ?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ìrìn."

"Èmi ni ìyá ọkọ Bùnmi. Tèmi kan, tìyàwó ò kan. Ata kan náà, òróró kan náà, sítóòfù kan náà. Kí lẹ ní kó fi sí tiẹ̀?"

Gbogbo èrò kọjú sí wa. Mo mọ̀ pé tí mo bá fèsì lójú àwọn èèyàn yẹn, tí ojú sì ti ìyá yìí, orí Bùnmi ló máa bọ́ sí. Mo bá fa okùn ẹ̀rọ kó máa ké. Mo fa ìyá náà sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ẹnu sún mọ́ etí wọn.

"Mà, nílé yín l'Abẹ́òkúta, ṣé ọbẹ̀ àárọ̀ máa ń rí alẹ́?"

"Níbo! Pẹ̀lú gbogbo ọmọ yẹn?"

"Ohun tó fà á nìyẹn. Àṣẹ́kù tẹ́ ẹ bá dà padà sínú ìkòkò lọ́hùn-ún ò ráyè kan. Níbí, ẹ̀yin mẹ́ta péré ni, ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ìwọ̀nba tó ti kan ẹnu ló ń ba ìyókù jẹ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, gèlè wọn yẹ̀.

"Àṣé èmi ni! Èmi tí mò ń bú ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un o. Kó máa lọ síṣẹ́ ẹ̀. Èmi á bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi náà á sì máa ṣọ́ ìkòkò yẹn."

"Mi ò ní sọ, mà." Mi ò sì sọ fún wọn pé ìyàwó ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì sí ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Bùnmi dé, tòun ti abọ́ ata rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, kí lẹ bá ìyá ọkọ mi sọ? Wọ́n ní ọkọ mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Lálẹ́ àná, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bu ọbẹ̀ sábọ́."

"Ata ni wọ́n wá lọ̀."

"Ata nìkan?"

"Ata nìkan."

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, kò sì bi mí mọ́. Mo da omi sẹ́nu ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó ṣan inú rẹ̀, mo da omi pupa yẹn sínú gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.