Aṣọ Pupa Níwájú Ilẹ̀ Àdúrà

Ní ilé wa ní Bẹ́yẹ̀rúnká n'Íbàdàn, bí ìyá mi bá ń mí, gbogbo àgbàlá ló ń gbọ́. Èémí rẹ̀ a máa há, a máa dún fée bí ẹni tó gbé fèrè mì. Ọṣẹ dúdú ló ń tà l'Ọ́jà'ba, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kò lè gun òkè Mápó mọ́ láìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ní eruku àti èéfín àdúgbò wa ló ń bá a jà, kó lọ síbi tí atẹ́gùn ti mọ́. Wòlíì ìjọ wa náà ríran pé kó lọ máa gbàdúrà létí òkun títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnu nọ́ọ̀sì àti ti wòlíì kò, nítorí náà a di ẹrù wa. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́wàá tán, mò ń retí èsì ìdánwò, bẹ́ẹ̀ lójú ẹbí mi, ẹni tó ń retí èsì kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Inú mi kò dùn sí i rárá.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ọkùnrin la lọ, ní ìlú kékeré kan létí òkun. Káfíńtà ni. Àdúgbò Àrẹ̀mọ ni wọ́n ti bí òun àti ìyá mi, ṣùgbọ́n ó ti kúrò n'Íbàdàn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òkun sì ti gba ọkàn rẹ̀. Ọkọ̀ ló ń gbẹ́ fún àwọn apẹja. Ó tún ń fi igi àràbà, tó fúyẹ́, gbẹ́ pákó gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà fi ń gun ìgbì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, mo rò pé orí wọn ti dàrú ni. Ènìyàn á dojú bolẹ̀ lórí pákó, á fọwọ́ wa ara rẹ̀ lọ pàdé omi tó ga bí ilé. Bí ìgbì bá ti gbé e, á dìde dúró lórí pákó náà, á máa rẹ́rìn-ín bọ̀ wá sórí iyanrìn. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òyìnbó àti ọmọ olówó a máa wá láti ìlú ńlá wá gun tiwọn. Àwa ọmọ Ìbàdàn, òkè la mọ̀. Bí omi bá ti ju kókósẹ̀ lọ, a ti ń wá ẹni tí yóò pọ̀n wá.

A lò tó oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Iyọ̀ wà nínú gbogbo nǹkan. Aṣọ kì í gbẹ dáadáa, ọ̀bẹ dógùn-ún, ẹja la jẹ láàárọ̀, ẹja la jẹ lálẹ́. Ariwo òkun kò jẹ́ kí n sùn, mo sì bínú sí i bí ẹni tó ń bínú sí ayálégbé tó ń lu ògiri. Ṣùgbọ́n èémí ìyá mi ń já gaara. Ó ń rìn lọ sọ́jà, ó ń bọ̀ láìdúró. Ìyẹn nìkan ló dá mi dúró níbẹ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti sá lọ sílé.

Òkun ìlú náà ní ìwà kan. Omi tó bá wá sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà, ibi tó ń gbà padà ló sì ti máa ń fa ènìyàn lọ sí àárín òkun. Ibẹ̀ kì í ru bí ibòmíràn, ńṣe ló máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì ń yí ipò padà. Bàbá arúgbó apẹja kan ló máa ń wò ó láàárọ̀. Ibi tó bá rí i pé omi ti ń fà, á ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, á so aṣọ pupa mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀pá náà jiyàn. Ọjọ́ tí a dé gan-an ni àbúrò ìyá mi ti kìlọ̀ fún wa: "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ pupa, ẹ má fẹsẹ̀ kan omi níbẹ̀ o."

Ìyá mi ti ya ilẹ̀ àdúrà tirẹ̀ sọ́tọ̀ létí òkun ní ọ̀sẹ̀ tí a dé. Ó fi okùn yí i ká, ó wọ́n omi àdúrà sí i, a kì í wọ bàtà débẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìjọ aláṣọ funfun bíi tiwa mọ̀ pé ilẹ̀ tí a bá ti yà sí mímọ́, a kì í ṣí i káàkiri bí àtẹ ọjà. Ó sì mọ̀ pé èèwọ̀ ni pupa fún wa. A kì í wọ̀ ọ́, a kì í sì gbàdúrà níwájú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, kùrukùru sì bo ojú òkun. A wọ sùtánà wa, a dé ilẹ̀ àdúrà, a bá ọ̀pá bàbá arúgbó níwájú rẹ̀ gan-an, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Ta ló gbé eléyìí síbí?" ni ìyá mi wí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká lọ gbàdúrà ní yàrá."

"Wòlíì ò rí yàrá. Etí òkun ni wọ́n rí."

"Ká kúkú sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà? Tá a bá ti ṣàmín, màá dá a padà. Kò ní pẹ́."

Mo rán an létí pé ìṣe ibìkan, èèwọ̀ ibòmíràn. Ó ní kí n kúnlẹ̀. Ó fa ọ̀pá náà tu, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ sẹ́yìn òkìtì iyanrìn, ó tan àbẹ́là, ó gbé agogo àdúrà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ìyá mi kò gba àdúrà kúkúrú rí láyé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tó ń ṣèjọba, ó bọ́ sórí àwọn aboyún, ó kan àwọn awakọ̀, ó wá dé orí àwọn ọlọ́jà Ọjà'ba, ó ń mú wọn ní ìsọ̀-ìsọ̀. Èmi kò lè di ojú mi. Ihò tí ọ̀pá náà fi sílẹ̀ nínú iyanrìn ni mò ń wò. Ìgbà náà ni mo rí àbúrò ìyá mi tó ń bọ̀ láti apá òsì, pákó tuntun lórí rẹ̀. Bó bá gbẹ́ pákó tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbé e wọ omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ jù, kì í ṣe gígùn ún. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá aṣọ pupa. Kò rí i. Ó rí àwa tá a kúnlẹ̀. Ó wọ omi níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́ níwájú wa.

Mo fò dìde. "Bọ̀dá! Ẹ má wọbẹ̀! Bọ̀dá!"

Òkun gbé ohùn mi mì. Ìyá mi, tó ṣì dijú, rò pé ẹ̀mí ló gbé mi, ó kígbe pé, "Halelúyà!" Mo gbá a lápá mú, mo mì í títí ó fi la ojú. Àbúrò rẹ̀ ti jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Orí rẹ̀ ti kéré lórí omi.

Ìyá mi fò dìde. Ó gbé agogo àdúrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kíkankíkan. Àbúrò rẹ̀ gbọ́. Ó yí pákó rẹ̀ padà, ó dojú kọ wá tààrà, ó ń wa omi tagbáratagbára. Bó ti ń wà á tó ni omi ń fà á sẹ́yìn tó. Bàbá arúgbó sáré dé, ó ń pariwo.

"Ẹ dá agogo yẹn dúró! Ikú lẹ̀ ń pè é sí! Ẹ̀gbẹ́ ni kó gbà, ẹ̀gbẹ́! Tó bá ń bá omi jà báyìí, á rẹ̀ ẹ́, á rì!"

Ìyá mi kò dáwọ́ dúró. Ní ìṣẹ́jú yẹn, mo kórìíra agogo náà, mo kórìíra okùn, àbẹ́là àti sùtánà ọrùn mi. Mo ti ọwọ́ bọ ẹnu agogo, mo di ahọ́n rẹ̀ mú.

"Màmá, ojú ibi tẹ́ ẹ wà ló ń bọ̀. Ẹ má dúró síbí! Ẹ gbé e sáré lọ sápá ọ̀tún, á tẹ̀ lé yín!"

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ká sùtánà rẹ̀ dé orúnkún, ó sì bẹ́ sí eré.

Ìyá mi, tí òkè Mápó ń dá jókòó, ń sáré lórí iyanrìn tútù, ó ń lu agogo lókè orí. Mo ń sáré tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí fèrè inú àyà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbé agogo fún mi. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí dànù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá sunkún fún, ẹni tó wà nínú omi ni tàbí ẹni tó wà níwájú mi. Mo bojú wòkun. Imú pákó náà ti yà. Ó ń bá aṣọ funfun àti agogo lọ, ní ẹ̀gbẹ́, títí ìgbì ńlá kan fi gbé e láti ẹ̀yìn.

Ìyá mi ṣubú lulẹ̀ lórí eékún. Bí ìgbì ṣe da àbúrò rẹ̀ sórí iyanrìn nìyẹn, pákó lọ́tọ̀, òun lọ́tọ̀. Ó pọ omi òkun. Ó rá wá bá wa, ó rí bàbá arúgbó, ó ní, "Bàbá, ta ló yọ ọ̀pá?"

Bàbá arúgbó wo apá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbà wá. Ó ti la ẹnu láti dá wọn lẹ́bi.

Ìyá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí èémí tí yóò fi sọ ọ́. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ó gbé ọwọ́, ó fi lu àyà ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹjú mọ́ àbúrò rẹ̀ kó lè rí i pé òun ni.

Bàbá arúgbó yíjú sí i. Àbúrò ìyá mi gbọ́wọ́ sókè sí bàbá náà kó má wí nǹkan kan. Ó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sínú iyanrìn, ó fà á rọ̀ mọ́ àyà tirẹ̀ kó lè jókòó gbọọrọ.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ mí ná."