Pátákó Tó Hù Lóru

Ohun tí mo rí ní Orozo láàárọ̀ Ọjọ́rú nìyí. Bàtà aláwọ kan, ti ẹsẹ̀ òsì, nínú gọ́tà. Ojú títì tuntun tó ń dán bí àwo tí wọ́n fi epo nù. Iyanrìn tí ọkọ̀ típà kan dà sílẹ̀ nígbà tó yọ̀. Pátákó funfun kan tó ń sọ pé ọ̀nà ìdánwò nìyí, kí awakọ̀ rọra. Mo tẹ ìdí rẹ̀ wò: sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ṣì rọ̀. Mo fọwọ́ kan lẹ́tà rẹ̀: ọ̀dà bá ìka mi wá.

Ibẹ̀ ni típà ti pa Ẹnjiníà Bùsàrí ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Kò sí pátákó kankan níbẹ̀ nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé n kò ríran.

Bùsàrí ni olùdámọ̀ràn fún ètò ìwádìí ọ̀nà kan tí ìjọba gbé kalẹ̀. Wọ́n yọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta omi, tí a ti lò, mọ́ ọ̀dà títì, wọ́n fi tẹ́ apá kan ọ̀nà wa, láti mọ̀ bóyá yóò tọ́jọ́. Ní ọ́fíìsì wọn ní Garki, èmi ni mò ń gbé tíì wọlé nígbà ìpàdé. Àwọn yòókù á gba ife lọ́wọ́ mi láìgbójú sókè. Òun nìkan ló mọ orúkọ mi.

Nígbà ọyẹ́, ó kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀nà yẹn á máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀, kí wọ́n tètè gbé pátákó síbẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ọládùnjoyè, bi í bóyá pátákó ló ń wa mọ́tò. Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá kì í dá rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ò bínú. Ó nawọ́ sí mi níbi tí mo gbé àwo dúró sí.

"Tí ẹ bá da omi sílẹ̀ yìí, tí Ọmọ́níkẹ́ ń gbé tíì gbígbóná bọ̀, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un?"

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní kí n bu tíì sí i.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó jáde lọ wo bí ọkọ̀ ṣe ń dúró lórí ọ̀nà náà. Kò padà wálé. Pátákó tí wọn ò rí gbé láti ìgbà ọyẹ́, báwo ni wọ́n ṣe rí i gbé lóru ọjọ́ kan? Ta ló ń po sìmẹ́ńtì nígbà tí wọn ò tíì sin òkú?

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọládùnjoyè wá bá Àwẹ̀ró, ìyàwó olóògbé, kẹ́dùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní pátákó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ọlọ́jọ́ ló dé.

"Ìdánwò ni, Màmá. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Àwẹ̀ró wò ó títí. "Ìdánwò tí ẹ̀yin gbé kalẹ̀, ọkọ mi ló wá fìdí rẹmi níbẹ̀?"

Ààfáà sáré bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ẹ kíyè sí irọ́ yẹn, torí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Bí pátákó bá ti wà níbẹ̀, a jẹ́ pé Ẹnjiníà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ikú. A tún jẹ́ pé Afeez, ọmọ Ìsẹ́yìn tó wa típà náà, rí ìkìlọ̀, ó sì kọ etí dídi sí i. Afeez wà ní àtìmọ́lé báyìí, pátákó yẹn sì ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń pè ta kò ó. Irú ẹlẹ́rìí wo ló ń jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wádìí ọ̀nà, ẹ wádìí ara yín. Ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n ri pátákó náà, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n rì í. Kí Ọládùnjoyè wá tún ohun tó sọ níwájú opó sọ níwájú adájọ́. Ẹ tú Afeez sílẹ̀. Ẹ dí ọ̀nà yẹn pa kí òjò mìíràn tó rọ̀.

Mo ti kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, mo sì mọ̀ pé Ọládùnjoyè ni n ó gbé tíì fún lọ́la. Mo yẹ ìlẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo tì í. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta òru lù kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀.