Àmì Omi Lára Bọ́ńpà Bàbá Mi

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo gbọ́ láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, níbi tí mo jókòó sí níwájú ilé wa ní Surulere, tí ọmọ mi obìnrin ń fọ mọ́tò mi. Ó ti kà á lórí fóònù rẹ̀ pé omi ọsàn máa ń ṣí àmì omi kúrò lára irin dídán, ó wá ń fi yangàn fún mi. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Àwa ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ nu bọ́ńpà kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó ṣe fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, torí òórùn yẹn gan-an ló máa ń gba àgbàlá wa kan lọ́dún tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn.

Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í fi ìmọ́tótó ṣeré. Mọ́tò rẹ̀ ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, àmọ́ irin tó yí iná àti fèrèsé rẹ̀ ká, àti bọ́ńpà iwájú, máa ń dán débi pé ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń wo gèlè rẹ̀ ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Délé, la máa ń fọ̀ ọ́ ní Sátidé. Omi kànga wa ló ń fún wa níṣẹ́ ṣe. Ó mọ́ lójú o, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá gbẹ ẹ́ mọ́ irin lára, á fi àmì róbótó funfun sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ta síni láṣọ.

Bàbá ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣí i. A ó ti mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò, a ó fi omi ọsàn rin àkísà, a ó fi lé ojú àmì náà kó lè rọ̀. A kì í ha á. Lẹ́yìn náà, a ó fi omi ṣàn án kíá kí kíkan ọsàn má bàa jẹ irin, ká tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá tó ti gbó nù ún gbẹ. Bàbá á wá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ kan yẹn tó láti mú inú wa dùn di alẹ́.

Nígbà tó yá, a ò gbọ́ "ó dáa" mọ́. Bàbá á fojú sún mọ́ irin títí imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, á ní, "Àmì ṣì wà níbí. Ẹ tún un nù." A ó wò ó, a ò ní rí nǹkan kan. A ó tún un nù. Á tún ní ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi ló pè wá sí kọ̀rọ̀, tó ní, "Ojú bàbá yín ni. Ẹ má sọ fún un. Ẹ ṣáà máa nù ún."

Láyé ìgbà yẹn, ta ló máa sọ fún baálé ilé pé kò ríran? Òun náà ló sì ń wa wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi á jókòó síwájú, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣeré: "Bàbá Délé, ẹ wo bí ọkọ̀ elépo yìí ṣe tóbi tó lápá ọ̀tún." "Àwọn ọmọ yìí mà fẹ́ sọdá o." Ojú ló ń yá ọkọ rẹ̀ lò, tí kò fẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ̀rù gidi.

Bọ̀ọ̀dá Délé ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ní Sátidé kan, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lanu. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú yín ni." Bàbá gbá a létí. Aláfojúdi ló pè é.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ṣe ń sún mọ́ Costain, Bíbélì ìyá mi já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ìwọ̀nba àkókò tí kò fi sọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá fi wa mọ́tò wọ gọ́tà. Ẹnì kankan ò fara pa. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá bọ́ńpà kiri títí ó fi kan ibi tó tẹ̀. Ó ní, "Délé dà?"

Iwájú rẹ̀ gan-an ni Bọ̀ọ̀dá Délé dúró sí.

"Mo wà níbí, sà."

Bàbá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ." Kò wa mọ́tò mọ́ títí tó fi kú. Dókítà ní à bá ti tètè wá, pé àrùn ojú yẹn máa ń rìn nínú ìdílé, ká máa ṣọ́ra. Ó ti mú Bọ̀ọ̀dá Délé náà; ó ti ń kán oògùn sójú tipẹ́ báyìí.

Wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn, wọ́n ti dí kànga. Omi bohó tí ẹ̀rọ ń fà la ń lò báyìí, òun náà sì ń fi àmì sílẹ̀. Ní Sátidé tí mo ń wí yìí, mo bẹ̀rẹ̀ wo etí iná mọ́tò mi, mo ní, "Ibí yìí ò tíì mọ́." Ọmọ mi tún un nù. Mo ní kó tún un nù sí i.

Ó gbé àkísà sílẹ̀. "Mọ́mì, kò sí nǹkan níbẹ̀ o."

Inú bí mi. Kí n má parọ́, "aláfojúdi" ti dé orí ahọ́n mi. Ọmọ náà kò kúnlẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀, ó ṣáà ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán ọsàn wẹ́wẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú àpò mi, mo nà án sí i, mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ojú. A ò tiẹ̀ dúró nu omi ara mọ́tò náà gbẹ.