Àǹtí Agogo àti Àwọn Ọmọ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sọ ọ́ ní Àǹtí Agogo, nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà. Bí ó bá pe ọmọ kan lórí pápá, ọmọ náà á gbọ́, ìyá tó ń sá aṣọ lódìkejì títì náà á gbọ́, á sì tún yẹ ara rẹ̀ wò bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Kíláàsì kejì ló ń kọ́. Èmi ló ni kíláàsì kẹta. Pátákó tí wọ́n fi pín yàrá wa kò kan àjà, nítorí náà ó pẹ́ tí a ti ń bá ara wa kọ́ ọmọ láìgba owó rẹ̀. Bí mo bá ń kọ́ àròpọ̀, tí òun ń kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ mi á kọ "fò, sá, jókòó" síbi tó yẹ kí èsì ìṣirò wà.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Àbúrò mi, agogo yìí mà ti pọ̀ jù o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Àdúrà, ẹ kúkú bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run dín in kù."

Màmá Àdúrà ni gbogbo wọn ń pè mí, nítorí èmi ni mo máa ń darí àdúrà òwúrọ̀ kí àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì. Àwàdà lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rántí àwàdà náà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí kò pẹ́ sígbà náà ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há.

A pè é ní òtútù. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà tó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ní ariwo inú rẹ̀ ló tán, kí a jẹ́ kó sinmi kó lè tún kún. Nígbà tí kò kún, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà rí kókó kékeré kan lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì yọ ọ́. Kì í ṣe àìsàn burúkú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohùn tó kù fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ tó ń sùn lọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fipá mú un, èyí tó bá kù náà ni kó máa lò.

Mo gba ààwẹ̀. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ lórí ìlà, mo ní kí wọ́n di ojú, a sì bẹ Ọlọ́run kó dá ohùn Àǹtí padà. Wọ́n ṣe àmín tí ẹyẹ fi fò kúrò lórí òrùlé. Ohùn náà kò padà. Ilé-ìwé lọ ìsinmi, ó tún wọlé, àbúrò mi dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Ọ̀gá àgbà pe òun àtèmi sí ọ́fíìsì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ohun gbogbo wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

"Ẹ̀yin ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín," ó wí. "Ṣùgbọ́n báwo lẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sókè ṣe máa kọ́ ọmọ kékeré ní ọ̀rọ̀-ìṣe? Yàrá ìwé ṣófo. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ máa bá wa fi bébà bo ìwé, ẹ máa pín ṣọ́ọ̀kì. Ìsinmi náà ni."

Àbúrò mi tẹ̀ síwájú kí ọ̀gá lè gbọ́ ọ. "Ọ̀gá, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń fò."

Ọ̀gá wò mí bíi pé kí n túmọ̀. 

"Ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ wọn títí alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán fi máa dé," àbúrò mi tún wí. "Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan, fúnra mi ni màá gbé àga lọ sí yàrá ìwé."

Ọ̀gá rò ó títí, ó gbà. Bí a ṣe jáde, mo ní kó má ṣe bínú, pé yàrá ìwé náà kò burú, atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀.

Ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fun nìkan ni wọ́n là. Bí wọ́n bá gbé mi jókòó sáàárín ìwé tí kò lẹ́nu, ìgbà yẹn ni màá tó yadi." Ó rìn lọ sí kíláàsì rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè.

Ihò kan wà lára pátákó tó pín yàrá wa, níbi tí ìṣó ti já. Mi ò ní parọ́, mo máa ń yọjú. Ohun tí mo rí nìyí. Àbúrò mi á dúró láàárín yàrá, á máa yí ọwọ́ méjèèjì po níwájú àyà bí ẹni tó ń ká òwú, á sì máa fò. Àwọn ọmọ á ní, "Àǹtí ń fò." Á dúró, á ju àtàǹpàkò sẹ́yìn èjìká. "Àǹtí ti fò." Á na ìka sí ojú fèrèsé, bíi pé nǹkan ń bọ̀ láti ibẹ̀. "Àǹtí máa fò." Ó gbálẹ̀ láìsí ìgbálẹ̀. Ó gun igi tí kò sí. Ó fi abẹ́rẹ́ tí ẹnìkan kò rí rán aṣọ, abẹ́rẹ́ gún un, ó sì fa ọwọ́ yọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan fi gbá ọwọ́ tirẹ̀ náà mọ́ra.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Olóorun, nítorí bí ìdí rẹ̀ bá ti kan bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ á ti máa lọ. Olùkọ́ mìíràn á nà án. Àbúrò mi rìn lọ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí ọwọ́ po lókè orí rẹ̀. Kíláàsì ní, "Ó ń sùn." Ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà, ó ju àtàǹpàkò sẹ́yìn. "Ó ti jí." Nígbà tó wá na ìka sí fèrèsé, kò tíì na án tán tí gbogbo wọn fi ní, "Ó máa tún sùn!" Olóorun gan-an rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, kò sí ariwo kankan láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Àwọn ọmọ mi ń kọ èsì àròpọ̀ síbi tó yẹ. Ọ̀gá àgbà máa ń kọjá lọ́nà, á dúró, á mi orí. Ó ní, "Ẹ wò ó, kíláàsì kejì ti di ọmọlúàbí." Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó mú ọmọ kékeré dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn àdúrà, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi fa aṣọ mi. "Màmá Àdúrà, ṣé Ọlọ́run ò tíì gbọ́ ni, àbí àmín wa ò ròkè tó?"

Mo ní, "Ọlọ́run ti gbọ́."

"Kí ni Ọlọ́run wá sọ?"

Mo ní kó lọ ṣí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè náà délé, mo jẹun pẹ̀lú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ń darí àdúrà tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé mi ò mọ̀ bóyá mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Alábẹ̀wò dé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, awò ojú rẹ̀ so kọ́ ọrùn, kò sì fi orúnkún tó ń dùn ún pa mọ́. Ọ̀gá àgbà ní kí n fún àwọn ọmọ mi ní iṣẹ́ kí n wá jókòó sí kíláàsì kejì, kí n lè máa tún ohun tí àbúrò mi bá sọ wí sókè. Àbúrò mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n fara balẹ̀. Alábẹ̀wò jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé lẹ́yìn pátápátá, ó fi awò sójú, ó ṣí bírò rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi gbálẹ̀. Ó ju àtàǹpàkò sẹ́yìn. Mo rí ẹnu àwọn ọmọ tó ń mì. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Alábẹ̀wò na ọrùn síwájú. "Kí ni wọ́n wí?"

Àbúrò mi tọ́ka sí ọmọbìnrin kan. Ó dìde dáadáa, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ tirẹ̀. Àfi bí ìgbà tí atẹ́gùn bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Sọ̀rọ̀ sókè!" ọ̀gá wí látẹnu ọ̀nà.

Ọmọ náà wò ó bíi pé ó ní kó tutọ́ sílẹ̀. Ó wo Àǹtí rẹ̀, ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Ojú alábẹ̀wò yí padà. "Ọ̀gá, ta ló ń na àwọn ọmọ yìí? Ẹ̀rù ta ló ń bà wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó ń nà wọ́n, mà!" Òógùn ti bo iwájú orí ọ̀gá.

Alábẹ̀wò pe ọmọbìnrin náà mọ́ra. "Ìyá mi, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ sókè?"

Ọmọ náà fi ẹnu sí i létí. Mo súnmọ́ wọn, mo sì gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe, mà. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ṣe ń pè é."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gba ohùn olùkọ́ wọn mọ́ ẹ̀kọ́. Lójú wọn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé. Àbúrò mi sì wà láàárín bẹ́ǹṣì wọn lójoojúmọ́, ó ń gbọ́ wọn ketekete, ohùn wọn sì bá tirẹ̀ dọ́gba. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Àwa tó wà níta ń dúpẹ́ ìdákẹ́jẹ́.

Alábẹ̀wò yọ awò rẹ̀ kúrò lójú. "Màdáámù, mi ò lè kọ ohun tí mi ò gbọ́ sílẹ̀."

Mo di ojú mi. Mo ní, Olúwa, ohùn díẹ̀ péré, nísinsìnyí, kó tó pẹ́ jù. Nígbà tí mo lajú, èjìká àbúrò mi ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ìró, omi dé ojú rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó to àwọn ọmọ sórí ìlà, ó kó wọn jáde sí pápá, ó sì fi ọwọ́ bẹ alábẹ̀wò pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tẹ̀ lé òun.

Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun fúnra rẹ̀ rìn, ó rìn, títí ó fi dé ẹsẹ̀ òpó gòólù lọ́hùn-ún. Ó yípadà. Ó fò. Ó yí ọwọ́ po níwájú àyà. Àwọn ọmọ sọ tiwọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí bí ẹni tí kò gbọ́, ó mi orí. Wọ́n gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó tún mi orí. Wọ́n wo ara wọn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan wọ́n lára: Àǹtí jìnnà, Àǹtí ò gbọ́.

Olóorun ló bẹ̀rẹ̀. "ÀǸTÍ Ń FÒ O!"

Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ju àtàǹpàkò sẹ́yìn. "ÀǸTÍ TI FÒ!" Ó na ìka síwájú. "ÀǸTÍ MÁA FÒ!" Ó fò lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìdí jókòó sínú koríko. Kò ṣe àmì kankan fún èyí. "ÀǸTÍ TI ṢUBÚ!" Àwọn fèrèsé kíláàsì yòókù ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Alábẹ̀wò fi báàgì rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó sáré díẹ̀ tòun ti orúnkún, ó dúró, ó ju àtàǹpàkò tirẹ̀ náà sẹ́yìn, kò tilẹ̀ jù ú dáadáa.

"WỌ́N TI SÁRÉ!"

"Ó TI RẸ̀ WỌ́N!" ọmọ kan fi kún un.

Alábẹ̀wò di ìbàdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí. "Ìyẹn kò sẹ́ni tó bi wọ́n o. Orí ara wọn ni wọ́n ti mú un." Ó gba báàgì rẹ̀ padà. "Ọ̀gá, ẹ fi ìyá yìí sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Kí wọ́n kàn máa kó àwọn ọmọ jáde síta, kí ẹnu wọn má bàa gbàgbé iṣẹ́."

"Mo ti gbọ́, mà," ọ̀gá wí. "Gbogbo àdúgbò ti gbọ́."

Nígbà tí alábẹ̀wò lọ tán, mo bá àbúrò mi gbọn koríko kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo tọrọ ohùn fún un nínú kíláàsì, nígbà tí ọ̀rọ̀ le. "Kò wá," mo wí.

Ó fa koríko kan yọ nínú irun rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò rántí tọrọ. Ọwọ́ mi dí."

Mi ò mọ ibi tí màá fi ọ̀rọ̀ yẹn sí. Mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run nítorí ohùn náà láràárọ̀, nítorí mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè bẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń rò pé ó dáhùn lórí pápá, tí èmi ò sì dá èsì náà mọ̀. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kò dúró de èwo nínú méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, ó kó kíláàsì rẹ̀ jáde, ó dúró lọ́hùn-ún, ó tẹ orí ba, ó fi apá méjèèjì wa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó bọ́ sínú odò. Èmi àtàwọn ọmọ mi dúró lójú fèrèsé, a ń wò ó, àwa náà sì ń pariwo pé Àǹtí ń lúwẹ̀ẹ́.